Kí Òjò Àkọ́rọ̀ Tó Dé

Ọjọ́ Ajé, 22 Jánúárì 2001

Ọyẹ́ ti la ètè mi, ẹ̀rín gan-an ń dùn mí í rín. Síbẹ̀ mo rẹ́rìn-ín lónìí. Gbogbo wa ní ibùdó ẹ̀rọ omi panu pọ̀: bí àwọn ọ̀gá wa ní Adó kò bá san owó oṣù tuntun, a ó pa ẹ̀rọ, a ó ti ilẹ̀kùn, kálukú á gba ilé rẹ̀ lọ. Tiwa ló máa kọ́kọ́ tì. Àwọn ẹ̀ka yòókù ní bí tiwa bá tì, àwọn náà á tì. Bí tiwa ò bá tì, kò sẹ́ni tó máa dá a ṣe.

Èmi ni alága ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, èmi náà ni mo sì pẹ́ jù lẹ́nu iṣẹ́. Ìparí oṣù Máàṣì ni ọdún márùndínlógójì mi pé, tí n ó fẹ̀yìn tì. Owó oṣù tí wọ́n bá bá lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ yẹn ni wọn ó fi ṣírò pẹ́ńṣàn mi títí n ó fi kú. Bí wọ́n bá fọwọ́ sí tuntun kí ọjọ́ náà tó pé, èmi àti Ìyá Káyọ̀dé á rí jẹ. Bó bá di ọjọ́ kejì rẹ̀, ó ti bọ́.

Sàká, akọ̀wé wa, fẹ́ kí a tì í lọ́la. Ọmọkùnrin yìí kò sí ohun tí kì í kánjú sí, títí kan ọbẹ̀ gbígbóná. Mo ní, "Sàká, kànga ìyá rẹ ńkọ́, ó ti gbẹ?"

Ó ní, "Rárá o, Bàbá. Omi ṣì wà ńbẹ̀."

Mo ní, "Ó dáa, jẹ́ kó gbẹ ná. Ta ló ń bẹ̀rù pé omi ẹ̀rọ máa dá nígbà tí kànga ṣì lómi? Ìbẹ̀rẹ̀ Máàṣì, kí òjò tó dé, ìgbà yẹn ni wọn ó gbọ́ èdè wa."

Ó wò mí títí, ó ní ẹ̀rù mi ń ba òun.

Ọjọ́rú, 7 Fẹ́búárì

Mo lọ sí Adó. Eruku ni mo jẹ láti Ìkọ̀lé dé Ìfàkì. Awakọ̀ kó wa bí ẹni ń kó iṣu, ó tún ní kí n gbé apẹ̀rẹ̀ ata obìnrin kan lé itan. Ata náà rà. Ṣòkòtò tí mo fi lọ bá àwọn ọ̀gá jókòó ń rùn títí mo fi padà.

Olúfẹ́mi ló jókòó sí ipò ọ̀gá nídìí tábìlì. Ọmọ Ìkọ̀lé níbí ni, àga kan náà la jọ jókòó sí nílé ìwé, ìṣirò mi ló sì máa ń wò kọ. Òun ni ọ̀gá àgbà wa báyìí. Ó ní, "Fọlọ́runṣọ́, kò sówó. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ààbọ̀ ni agbára wa ká fún ẹni tó kéré jù."

Mo ní, "Márùn-ún ààbọ̀ la wí."

Ó ní, "Omi kì í lọ́tàá, o mọ̀. Ẹ má fi omi jà."

Mo ní, "Omi ò lọ́tàá lóòótọ́. Àwa tí à ń fà á la ní."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n fún wa ní mínírà tútù, wọ́n ní ká máa lọ.

Ọjọ́ Ajé, 12 Fẹ́búárì

A ti fún wọn ní gbèdéke. Ọjọ́ Ajé, 5 Máàṣì ni ọ̀rọ̀ parí. Kànga ìyá Sàká ti gbẹ.

Ọjọ́ Àìkú, 18 Fẹ́búárì

Àlùfáà ní kí gbogbo ìjọ dìde gbàdúrà fún òjò. Iṣu tí Ìyá Káyọ̀dé gbìn sí oko wa l'Ìjẹ̀ṣà-Iṣu ń jóná nínú ebè, nítorí náà àmín tirẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí páánù lórí wa. Gbogbo ìjọ ṣe àmín. Èmi pa ẹnu mọ́.

Ó rí mi. Ojú ọ̀nà ló ti bẹ̀rẹ̀. "Bàbá Káyọ̀dé, ta lẹ̀ ń bá jà, èmi ni àbí Ọlọ́run?"

Mo ní òjò á rọ̀, kó ṣáà fún mi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ó ní, "Ẹ lọ bá iṣu sọ ọ́. Bóyá ó gbọ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta."

Àgbẹ̀ ń wo òkè kí ó lè rí ìkùukùu, èmi ń wo òkè kí n má rí i, orí ibùsùn kan náà la sì ń sùn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 20 Fẹ́búárì

A pa ẹ̀rọ fún ọjọ́ kan péré láti fi kìlọ̀. Èmi gan-an ni mo yí fáàfù ńlá tó ń ṣí omi sí ìlú. Ìdákẹ́ tó tẹ̀lé e yà mí lẹ́nu, mi ò mọ̀ pé ẹyẹ pọ̀ tó báyẹn ní àyíká wa.

Nígbà tó fi di ọ̀sán, kẹ́ẹ̀gì omi kan ti di ogún náírà ní ojú ọjà. Mo pàdé àwọn obìnrin tí wọ́n ń bọ̀ láti odò, omi inú garawa wọn pọ́n bí ẹmu tó ti kan. Ọ̀kan nínú wọn mọ̀ mí. Ó ní, "Alága, ẹ kú uṣẹ́ o." Mi ò mọ èyí tó jẹ́ ìkíni nínú rẹ̀, èyí tó jẹ́ èébú. Nílé, Ìyá Káyọ̀dé kó ẹ̀wù iṣẹ́ mi jù sí ẹnu ọ̀nà, ó ní kí alága fi itọ́ fọ̀ ọ́.

Òòrùn kò tíì wọ̀ tí ọkọ̀ Olúfẹ́mi fi dé sí ibùdó. Òun fúnra rẹ̀! Ó nu ojú, ó nu ọrùn. Ó ní àwọn ti tún un wò, ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ààbọ̀. Ọjọ́ kan ṣoṣo la fi rí ẹgbẹ̀rún kan! Sàká jó yí ọkọ̀ náà ká lẹ́yìn tí wọ́n lọ.

Mo ní kó má jó mọ́. Títì tí a tì í kọ́ ló mú Olúfẹ́mi wá. Èyí tí a kò tíì tì ló ń sá fún. Bí a bá tì í tán pátápátá, a ò ní nǹkan mìíràn láti fi dẹ́rù bà á mọ́. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ, èyí ló yẹ kó máa rò títí di ọjọ́ Ajé yẹn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 24 Fẹ́búárì

Ìkùukùu ṣú ní apá Ẹ̀dá-Oníyọ̀ láti ọ̀sán. Ọlọ́run dárí jì mí, mo jókòó sí ìdí ẹ̀rọ, mo ń gbàdúrà pé kó tú ká. Ó tú ká. Nígbà tí mo délé, Ìyá Káyọ̀dé jókòó sí iwájú ilé, ó ń wo ibi tí ìkùukùu náà ti wà tẹ́lẹ̀. Ojú tì mí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 27 Fẹ́búárì

Adó lẹ́ẹ̀kan sí i. Wọ́n ti dé ẹgbẹ̀rún márùn-ún, ṣùgbọ́n oṣù Júláì ni wọ́n fẹ́ kó bẹ̀rẹ̀. Àwọn aṣojú ẹ̀ka yòókù wo ojú mi. Wọ́n mọ̀ pé ní Júláì, mo ti di ará ilé. Mo ní, "Láti Jánúárì ni, tàbí kí a pàdé ní ọjọ́ Ajé." Kò sí ẹni tó yẹ̀ nínú wọn. Mo fẹ́ sunkún.

Olúfẹ́mi bá mi dé ìdí ọkọ̀. Ó ní, "Ìwọ yìí, orí kunkun rẹ kò tíì dín." Lẹ́yìn náà ló béèrè àlàáfíà Yèyé Wúràọlá tó tọ́ mi dàgbà, bóyá ẹsẹ̀ ń dùn ún síbẹ̀. Mo ní a dúpẹ́. Mo tiẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó rántí.

Ọjọ́ Ẹtì, 2 Máàṣì

Jẹ́ kí n kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Mo ń kan ẹsẹ̀ àga lẹ́yìnkùlé nígbà tí ọkọ̀ Olúfẹ́mi dúró. Òun kọ́ ló wà nínú rẹ̀. Yèyé Wúràọlá ló sọ̀ kalẹ̀, àbúrò bàbá mi, ẹni tó tọ́ mi láti ìgbà tí ìyá mi ti kú, tó fi ọmú gbígbẹ rẹ̀ mí lẹ́kún. Ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Ọ̀pá ló fi rìn dé ọ̀dọ̀ mi.

Kò gba àga, kò gba omi. Ó ní, "Fọlọ́runṣọ́, wọ́n ní o fẹ́ pa omi."

"Yèyé, ta ló sọ fún yín?"

"Olúfẹ́mi wá bá mi ní ulé láàárọ̀. Ó ní bí ẹ bá daṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, wọn ó lé gbogbo yín lẹ́nu uṣẹ́, ìwọ ni wọn ó sì kọ́kọ́ lé. Ó ní o ò ní rí kọ́bọ̀ gbà lórí gbogbo ọdún tí o ti fi sìn wọ́n. Iléyá dé, àlejò ń bọ̀ wá bá mi lóòótọ́, ṣùgbọ́n omi kọ́ ni mo bá wá. Nítorí tìrẹ ni. Dákun, fún wọn ní ọ̀sẹ̀ méjì péré."

Mo ní, "Yèyé, ìhàlẹ̀ lásán ni. Wọn ò lè lé ẹnikẹ́ni. Ẹ jókòó kí n ṣàlàyé fún yín."

Kò jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ ti ẹ̀gbẹ́ kan, ó fi ọwọ́ di ògiri mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kúnlẹ̀.

Háà! Òòlù bọ́ lọ́wọ́ mi. Mi ò mọ ìgbà tí mo fò dé ibẹ̀. Orúnkún rẹ̀ kò tíì kan ilẹ̀ tí mo ti gbá a mú lábẹ́ apá. "Yèyé, ẹ má pa mí! Mo ti gbọ́! Ọ̀sẹ̀ méjì, mo ti gbọ́!"

Ó súre fún mi títí ó fi wọ ọkọ̀. Awakọ̀ náà kò wo ojú mi. Ìyá Káyọ̀dé dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo ọkọ̀ náà bó ṣe ń lọ. Ó ní, "Olúfẹ́mi gbọ́n o. Ọmọ ìlú yìí ló jẹ́ lóòótọ́."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 3 Máàṣì

Mo sọ fún àwọn ará ibi iṣẹ́. Ọjọ́ Ajé, 19 ni a sún un sí. Àwọn àgbà inú wọn mi orí. Ọ̀kan ní, "Ta ló máa rí i kó má gbọ́?" Sàká nìkan ló dìde.

"Bàbá, ẹ ti tà wá."

Mo ní, "Sàká, ìyá tó tọ́ mi ló fẹ́ kúnlẹ̀."

"Ẹ gbé e dìde, kí ẹ sọ pé rárá!"

"O lè sọ bẹ́ẹ̀ fún ìyá tìrẹ?"

Ó ní, "Mi ò mọ̀. Ṣùgbọ́n èmi tí mo jẹ́ mùsùlùmí, tí mo fẹ́ pa ẹran, mi ò bẹ omi Iléyá lọ́wọ́ yín. Mo ti pọnmi mi sílẹ̀." Ó nawọ́ sí òkè. "Òjò ni Olúfẹ́mi ń dúró dè. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi."

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ń korò. Mo lè gbé ọ̀rọ̀ mi mì, kí n pa ẹ̀rọ lọ́jọ́ Ajé, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí mo sọ nígbà tí mo di apá Yèyé mú, ibo ni n ó gbé e sí?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6 Máàṣì

Omi ń ṣàn ní gbogbo ìlú. Mo lọ kí Yèyé kú ọdún. Àgbò méjì ni wọ́n pa nínú ọgbà rẹ̀, wọ́n ní láti Adó ni ọ̀kan ti wá. Yèyé já ẹran sí ọwọ́ mi bíi ti ìgbà tí mo wà ní kékeré. Mo jẹ ẹ́. Mi ò mọ èyí tó jẹ́ ti Adó nínú rẹ̀, mi ò sì béèrè.

Ọjọ́rú, 14 Máàṣì

Ìjókòó òní ní Adó kò wáyé. Wọ́n ní ọ̀gá rìnrìn-àjò. Ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá náà kò wáyé, inú ń run ẹnì kan. Ooru mú débi pé mi ò lè wọ síńgílẹ́ẹ̀tì. Ìyá Káyọ̀dé ní ooru òjò ni. Mo ní kó yé mi sọ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 17 Máàṣì

Ó rọ̀.

Atẹ́gùn ló kọ́kọ́ gbé gbogbo aṣọ tí wọ́n sá. Lẹ́yìn náà ni òjò bọ́ lu páánù, kì í ṣe òjò ìmẹ́lẹ́, òjò tó mọ iṣẹ́ tí wọ́n rán an ni. Gbogbo àdúgbò gbé agbada, korobá, ìkòkò àti póò àwọn ọmọdé bọ́ síta. Ìyá Káyọ̀dé wà láàárín wọn, yẹ̀rì nìkan ló wọ̀, ó ń jó, ó ń pariwo, "Iṣu mi! Iṣu mi o!" Mi ò rí i kó yọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí Káyọ̀dé ti wọ yunifásítì. Ó ní kí n wá gbé dírọ́ọ̀mù sí abẹ́ ọ̀ṣọ̀rọ̀.

Mo gbé e. Mo dúró ti dírọ́ọ̀mù náà títí ó fi kún. Ọ̀tunla ni a fẹ́ pa ẹ̀rọ. Ọjọ́ méjì, Olúwa! Ọjọ́ méjì péré lo fi já mi.

Ọjọ́ Ajé, 19 Máàṣì

A pa ẹ̀rọ. Òjò tún rọ̀ nírọ̀lẹ́. Kò sí ẹni tó wá.

Ọjọ́rú, 21 Máàṣì

Ọjọ́ kẹta rèé. Mo rìn já ọjà, ẹnikẹ́ni kò bú mi. Mo bá obìnrin tó kí mi kú iṣẹ́ níjọ́sí pàdé. Mo ní ṣé wọ́n rí omi? Ó ní, "Omi wà o, Alága. Àbí ẹ̀rọ kò ṣiṣẹ́ ni?" Kò mọ̀! Kò tiẹ̀ mọ̀ pé a ti daṣẹ́ sílẹ̀. Ìbá ṣe pé ó gbá mi létí.

Àwọn ẹ̀ka méjì ti padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 23 Máàṣì

Adó. Wọn kò fún wa ní mínírà lọ́tẹ̀ yìí. Olúfẹ́mi kò nu ojú, kò nu ọrùn. Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin, láti Júláì. Mo ní, "Ẹ ti dé márùn-ún tẹ́lẹ̀."

Ó ní, "Ìgbà yẹn nìyẹn." Ó na kálámù sí mi.

Mo wo Sàká. Mo rò pé ó máa fọ́ tábìlì. Ilẹ̀ ló ń wò. Ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká fọwọ́ sí i. Tí a bá dúró, yóò tún dín." Ọmọ tó fẹ́ mu ọbẹ̀ gbígbóná ló sọ bẹ́ẹ̀. Mo fọwọ́ sí i. Nínú gbogbo wa tó fọwọ́ sí i, èmi nìkan ni n kò ní jẹ nínú rẹ̀.

Ní ìdí ọkọ̀, Olúfẹ́mi ní, "Má bínú sí mi. Iṣẹ́ mi ni mo ṣe."

Mo ní, "O ṣe é dáadáa. O kò wo tèmi kọ lọ́tẹ̀ yìí."

Ọjọ́ Ẹtì, 30 Máàṣì

Wọ́n ṣe ìdágbére fún mi. Jọ̀lọ́ọ̀fù àti aago ara ògiri kan. Àwọn obìnrin ọ́fíìsì kọrin. Mo mú Sàká lọ sí ìdí fáàfù ńlá, mo fi ibi tó máa ń há hàn án, pé kó má fi agbára yí i, kó kọ́kọ́ dá a padà díẹ̀. Ó ti mọ̀ ọ́n tipẹ́, ṣùgbọ́n ó fetí sílẹ̀.

Ó ní, "Bàbá, mo sọ̀rọ̀ sí yín jù lọ́jọ́ yẹn."

Mo ní, "O ò sọ tó." Mo ní nígbà mìíràn kí wọ́n fi gbèdéke sí ìbẹ̀rẹ̀ Fẹ́búárì, kí ó kó àwọn àgbà ilé rẹ̀ jọ kó tó di ìgbà náà, kó ṣàlàyé fún wọn kí ẹlòmíràn tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Èmi kò ṣe é. Mo ń ṣọ́ òkè, mi ò ṣọ́ ilé.

Ọjọ́ Àìkú, 1 Éépírì

Ìdúpẹ́ òjò ni wọ́n ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àlùfáà ní kí gbogbo ìjọ dìde. Mo dìde. Mo ṣe àmín. Ìyá Káyọ̀dé di ọwọ́ mi mú, ọwọ́ rẹ̀ ṣì ní ilẹ̀ oko nínú èékánná. Iṣu ti ń yọ. Ó ní a ò ní kú, a ó máa jẹ iṣu.

Lọ́sàn-án ni Yèyé Wúràọlá dé. Kò sí ọkọ̀ tó gbé e wá lọ́tẹ̀ yìí, ọmọ ọmọ rẹ̀ ló fà á lọ́wọ́. Mo wà lórí àga tí mo kàn níjọ́sí. Ìyá Sàká ti sọ fún un, gbogbo rẹ̀ pátá: Júláì, pẹ́ńṣàn, àti pé kò sí ẹni tí wọ́n lé.

Ó ní, "Òótọ́ ni?"

Mo ní, "Òótọ́ ni, Yèyé."

"Wọn kì bá tí lé ọ?"

"Wọn kì bá tí lé mi."

Ó dúró. Ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n ó ń wá ojú mi. Ó ní, "Orúnkún mi ni Olúfẹ́mi fi bá ọ jà, Fọlọ́runṣọ́, mi ò sì mọ̀. Ọmọ mi, dárí jì mí."

Mo fẹ́ sọ pé kò sí nǹkan. Mo rí i tó fi ọ̀pá ti ẹ̀gbẹ́ kan. Mo rí i tó fi ọwọ́ di ògiri mú. Mo mọ ohun tó ń bọ̀, ẹsẹ̀ mi kò sì ṣe mí ní nǹkan kan.

Mo gbé e dìde, mo fi í jókòó, mo bu omi òjò fún un mu. Ṣùgbọ́n orúnkún rẹ̀ ti kan ilẹ̀ kí n tó kúrò lórí àga.